Ìgbà wo ni ọmọ ènìyàn ń ga dé? Ọ̀rọ̀ lórí eegun, ọjọ́ orí àti oògùn gíga

  

Ìbéèrè kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú la fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Àwọn ìyá ló ń bèèrè rẹ̀ jù. Ọmọkùnrin ti di ọmọ ọdún 16, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 ti ga jù ú lọ, ìyá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣì máa ga. Nígbà mìíràn, ọmọ ti pé ọdún 19, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀, ẹnì kan ti sọ fún un pé bí kò bá fi ìka mẹ́rin kún gíga rẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mú un lọ sí Yúróòpù, ó wá ń gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti fi ra oògùn. Ó sì máa ń jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 11 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé kò ní ga mọ́.

Ìdáhùn kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Gíga kì í tán lọ́jọ́ kan tí a lè sàmì sí lára kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń parí sí, inú eegun sì ni ibẹ̀ wà. Bí eegun bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí oògùn, kò sí àgbo, kò sí tírà tó lè ṣí i padà. Ohun tí òbí lè ṣe, kí ilẹ̀kùn náà tó tì ni.

Ẹ jẹ́ ká wo eegun itan ọmọdé. Kì í ṣe ọ̀pá kan tó le láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítòsí orí rẹ̀ méjèèjì, lápá ìbàdí àti lápá orúnkún, eegun rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ, irú eegun rírọ̀ tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn ní etí àti ní ṣóńṣó imú. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn. Eegun rírọ̀ yìí ń pọ̀ sí i, èyí tó ti pẹ́ lára rẹ̀ ń le di eegun gidi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá náà ń gùn díẹ̀díẹ̀. Àárín eegun kì í fà bíi rọ́bà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó ń rọ̀ mọ́ irin ojú góòlù láàárọ̀ kò fi lè tipa bẹ́ẹ̀ ga. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ irin lè ga ìwọ̀n bíńtín nítorí pé àwọn ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ti sinmi, ṣùgbọ́n yóò ti padà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wa pátá la máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ nítorí ọ̀rọ̀ tìmùtìmù yìí kan náà.

Ta ló wá ń ti ilẹ̀kùn eegun? Ìbàlágà ni. (Èdè Lárúbáwá la ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ó dé ibi tó ń lọ, ó sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eegun mu gan-an.) Bí ọmọ bá ń bàlágà, ara rẹ̀ máa ń tú àwọn họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tí ẹ̀yà ara kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn. Àwọn họ́mọ̀nù yìí á kọ́kọ́ mú kí eegun sáré gùn. Lẹ́yìn náà, àwọn kan náà ló máa mú kí eegun rírọ̀ yẹn le tán, tí orí eegun á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀, tí kò ní sí àlàfo láàárín wọn mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní estrogen, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti obìnrin nìkan ni, òun ló ń ti ilẹ̀kùn náà lára ọkùnrin pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá tètè bàlágà ló sábà máa ń tètè dúró, ẹni tó bá pẹ́ kó tó bàlágà á sì máa ga lọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró.

Ẹ wo bí ọdún ṣe ń lọ. Ọmọ tuntun sábà máa ń gùn tó 50 sẹ̀ntímítà. Kó tó pé ọdún kan, yóò ti fi nǹkan bíi 25 kún un. Kò tún ní sí ọdún mìíràn láyé rẹ̀ tó máa dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Láti bí ọmọ ọdún 4 títí dé ìbàlágà, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 6 ló ń fi ga lọ́dọọdún. Ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin bá tó bí ọdún 10 tàbí 11 ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ga, eré náà á sì gbóná jù ní nǹkan bí ọdún 12. Nǹkan oṣù àkọ́kọ́ sábà máa ń dé lẹ́yìn tí eré náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti rí i ṣì lè fi bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 7 kún gíga rẹ̀, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá tètè rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń dúró láàárín ọdún 14 sí 16. Ìyá ọmọ ọdún 11 yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀: ọmọ náà ṣì ń ga.

Àwọn ọmọkùnrin ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú nǹkan bí ọdún 2. Nígbà tí wọ́n bá tó ọdún 14 ni eré tiwọn máa ń gbóná jù, ọmọ míì lè fi 9 tàbí 10 sẹ̀ntímítà ga láàárín ọdún kan, tí ṣòkòtò ilé ìwé tí wọ́n rán ní September á ti di ṣòkòtò ẹni tó fẹ́ ré odò kọjá kó tó di June. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dúró láàárín ọdún 16 sí 18. Àwọn kan ṣì máa ń fi díẹ̀ kún un títí di ọdún 20 tàbí 21. Bí ọmọ ọdún 16 kò bá tíì ga, ẹ má wo gíga rẹ̀ nìkan. Ẹ bi í bóyá ohùn rẹ̀ ti ń kẹ̀, bóyá irun ti hù lábíyá, bóyá irùngbọ̀n ti ń yọ. Bí gbogbo ìyẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí gbayawu. Ẹ bi bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ náà: nínú àwọn ìdílé kan, pípẹ́ kí wọ́n tó ga ni tiwọn, wọn ò sì ní kúrú tó bá yá.

Bàtà náà máa ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló ń ṣáájú nínú ìdàgbà, itan àti ojúgun á tẹ̀ lé e, àyà àti ẹ̀yìn ló ń kẹ́yìn. Ọmọ tó bá ń gba bàtà tuntun ní táàmù-táàmù ṣì ń ga. Èyí tí ìwọ̀n bàtà rẹ̀ kò yí padà fún ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, tó sì ti bàlágà tán, gíga rẹ̀ ti súnmọ́ òpin.

Àwọn dókítà ọmọdé tún ní ìṣirò kan tí òbí lè ṣe nílé. Ẹ wọn gíga bàbá àti ti ìyá ní sẹ̀ntímítà, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin, ẹ fi 13 kún un. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹ yọ 13 kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ pín in sí méjì. Bàbá tó ga tó 170 àti ìyá tó ga tó 160 lè máa retí ọmọkùnrin tó máa ga tó nǹkan bíi 171 tàbí 172, àti ọmọbìnrin tó máa ga tó 158 tàbí 159. Ó lè fi bíi 8 lé, ó sì lè fi bíi 8 dín. Bàbá tí kò ga tó ẹnu ọ̀nà kò yẹ kó máa na ọmọ rẹ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀ pé ó kúrú.

Lílo ara láti fi mọ ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé ìbí kankan lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi di etí òsì rẹ̀ mú. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àgbà tó ń ka ìwé yìí ni wọ́n dán etí wọn wò. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé orí ọmọdé ti tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀, apá rẹ̀ ló kúrú. Bó bá ti ń tó nǹkan bí ọmọ ọdún 6, apá ti gùn tó láti ré orí kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ọmọ ọdún 8 tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí, tó sì sunkún lọ sílé.

Lónìí, ọrùn-ọwọ́ ni wọ́n ń wò, ọ̀rọ̀ náà sì kan Ajégúnlẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Àdúgbò tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti dàgbà nìyí, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ kan tí àwọn ọmọ kì í sí ní pápá Maracana. Ìrètí pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń fi ìrètí náà jẹun sì pọ̀. Wọ́n á sọ fún bàbá pé ọmọ ọdún 20 kò wúlò fún ọjà, kó lọ sí kóòtù lọ búra pé ọdún 16 ni.

Ní 1989, FIFA ti fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìdíje kan kò bá èyí tí wọ́n kọ nínú òmíràn mu. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ kó wáyé ní Nàìjíríà, Pọ́túgà ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó di 2009, tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ, tí wọ́n gbá díẹ̀ nínú rẹ̀ ní pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí FIFA lo ẹ̀rọ MRI fún ìdíje náà. Ẹ̀rọ yìí ń ya àwòrán inú ara láìlo ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè. Eegun apá tó wọ ọrùn-ọwọ́ lápá àtàǹpàkò ni wọ́n ń wò. Bí eegun rírọ̀ tó wà níbẹ̀ bá ti le tán, tí orí eegun ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ pátápátá, wọ́n á gbà pé ọmọ náà ti ju 17 lọ, torí pé nínú 100 ọmọkùnrin tí kò tíì ju 17 lọ, agbára káká ni ẹ ó fi rí ẹyọ kan tí tirẹ̀ ti lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ló já kúrò nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí. Àwọn tó ṣẹ́ kù dé àṣekágbá l'Ábújá ní November 15, Switzerland sì fi àmì ayò 1 sí òdo borí wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àyẹ̀wò náà kò lè sọ pé ọmọ báyìí pé ọdún báyìí. Ọmọ ọdún 19 lè wà tí eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lẹ̀, yóò sì yege. Ó sì lè ṣèèṣì ré ọmọ olóòótọ́ kan tó tètè gbó, ó sì dun ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí bàbá lọ búra lé lórí ní kóòtù kò lè yí ohun tí eegun ti kọ padà.

Kùránì ni Mùsùlùmí ń gbé lé ọwọ́ bó bá ń búra yẹn. Ìbúra irọ́ wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, mo sì mọ̀ pé ebi ló ń ti ẹlòmíràn sí i. Ẹ jẹ́ ká rántí Abdullāh ọmọ ‘Umar. Bukhārī àti Muslim gba ìtàn rẹ̀ wá: wọ́n mú un wá síwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún ogun Uhud nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, Ànábì kò gbà á láyè. Nígbà ogun Kòtò ó ti pé 15, ó sì gbà á. Abdullāh fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà, kò sì fi bò pé wọ́n dá òun padà. Ọmọ tó bá pé 20 tó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá ṣì lè gbá a lórúkọ 20. Èyí tí wọ́n yọ ọdún 4 kúrò nínú tirẹ̀, wàhálà máa ń bá a dé ibi NIN, dé WAEC, dé ọjọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwé ìrìnnà. Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, National Population Commission, ni kí ẹ tètè gbà fún ọmọ tuntun, kí ọ̀rọ̀ ìbúra má wáyé rárá.

Oògùn gíga ńkọ́? Wọ́n ń tà á nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Mile 2, wọ́n ń tà á ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Boundary, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Àwọn kan nínú wọn kò ju fítámì lásán lọ, owó nìkan ni wọ́n ń jẹ. Àwọn tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó ń mú iṣan wú kíákíá, tí àwọn ọmọ ń gún tàbí tí wọ́n ń gbé mì kí wọ́n lè rí bí ọkùnrin lójú àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù. Họ́mọ̀nù ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, ara sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di estrogen tó ń ti ilẹ̀kùn eegun. Ọmọ ọdún 15 tó bá ń lo irú rẹ̀ lè tóbi láyà, kó sì kúrú ju bí Ọlọ́hun ì bá ṣe jẹ́ kó ga lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìsanra tí àwọn kan ń fún ọmọ tí kò jẹun dáadáa. Dexamethasone, tí wọ́n ń pè ní dẹ́sà, wà lára ohun tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀. Ó máa mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń lò ó léraléra, ó ń dá eegun dúró, ó sì ń mú kó rọ. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà tó mọ ìdí tó fi fún ọmọ. Ọwọ́ ìyá tó kàn fẹ́ kí ọmọ sanra kọ́ ló yẹ kó wà.

Àwọn mìíràn á sọ pé ayé ló dì í mọ́lẹ̀, tàbí pé ẹnì kan ló ré e kọjá lórí ẹní nígbà tó wà ní kékeré tí kò sì padà ré e kọjá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹni tó kọjá kò kan eegun. Ẹ ṣe àdúà fún ọmọ, àdúà dára, àmọ́ ẹ má fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra tírà.

Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Látìgbà tí ọmọ ti wà nínú oyún títí yóò fi pé ọdún 2 ni ara rẹ̀ ti ń fi ìpìlẹ̀ gíga lélẹ̀, ohun tó bá sì pàdánù nígbà yẹn ṣòro láti rí gbà padà. Wàrà ìyá ló ṣáájú. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kọ tàbí ògì lásán kò tó. Ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ti bó, ẹyin àti ẹja lílọ̀ kún un. Eegun nílò kálísíọ̀mù. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun, kálísíọ̀mù ló ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Oòrùn tí wọ́n ń rí kò tó láti gbà wọ́n. A kò nílò ohun tó wọ́n kí ọmọ tó rí i. Edé, ẹja kéékèèké gbígbẹ tí a ń jẹ teegunteegun, wàrà àwọn Fúlàní, àti ewé ọbẹ̀ wa, ibẹ̀ ló wà. Ilé tó lè ra mínírá ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́ lè ra edé.

Ẹ̀yin tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí omi ṣe máa ń kún gọ́tà wọlé lásìkò òjò, ẹ sì mọ ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti ń lo ilé ìgbẹ́ kan. Ìgbẹ́ gbuuru àti aràn ń jẹ oúnjẹ ọmọ kí oúnjẹ tó dé eegun. Ọmọ tó ń ṣu omi léraléra, ẹran tí ẹ ń fún un ò lè mú un ga. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ àti kí ẹ tó po ẹ̀kọ ọmọ. Omi ìsìnǹjá tí a ń lò jẹ́ ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ọṣẹ ní ọwọ́. Ẹ fún ọmọ ní oògùn aràn nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ fún un. Oorun náà ṣe pàtàkì, nítorí inú oorun tó wọra ni ara ti ń tú họ́mọ̀nù ìdàgbà jáde jù. Ọmọ ọdún 14 tí fóònù kò jẹ́ kó sùn títí di aago kan òru, tí a sì tún ní kó dìde fún ìrun àsùbáà (ó sì yẹ kó dìde), kò rí oorun tó. Fóònù ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ìrun.

Nípa ẹrù: àwọn ọmọ wa tó ń ṣe alábàárù ní ọ̀nà Wharf ní Àpápá máa ń gbọ́ pé ẹrù orí ti kì wọ́n mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ kúrú. Àìjẹun àti àìsùn tó ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn ló ń ṣe é. Ibi tí ewu wà ni ìfarapa. Bí ọmọ tó ṣì ń ga bá ṣẹ́ eegun nítòsí orúnkún tàbí ọrùn-ọwọ́, ibi eegun rírọ̀ yẹn gan-an lè bàjẹ́, eegun náà á dúró nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń gùn lọ, tí ẹsẹ̀ kan á fi kúrú ju èkejì lọ. Ẹ má gbé e tààrà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ya ẹ́síréè rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà, wọ́n sì lè kéré sí àwọn ẹgbẹ́ wọn títí wọ́n á fi tó ọdún 16 tàbí 17. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ga lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti dúró. Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àrábà, ní òdìkejì LUTH, fún ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́sọ́nà.

Bí gíga bá wá dúró, kì í ṣe gbogbo ara ló dúró. Eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, orí rẹ̀ tó kan àyà kì í lẹ̀ tán títí di ẹ̀yìn ọdún 20, nígbà mìíràn ó ń lọ títí di nǹkan bíi 25 sí 29. Gbogbo eegun ń le sí i, ó ń kún sí i títí di nǹkan bí ọdún 30. Ohun tí ọmọbìnrin bá tò jọ sínú eegun rẹ̀ nígbà yẹn ni yóò máa ná nígbà tó bá di ìyá àgbà. Ibi tí ọpọlọ fi ń ro àrojinlẹ̀, tó fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu díẹ̀, torí pé Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà An-Nisā, āyà 6, kò ní kí a kó dúkìá ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́ kìkì nítorí pó ti tó gbéyàwó. Ó ní kí a wò ó bóyá làákàyè rẹ̀ ti pé. Súrà Al-Ahqāf, āyà 15, tún dárúkọ ìgbà agbára, ó sì dárúkọ 40 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọdún 17 tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ọmọ ni síbẹ̀ nídìí ìdájọ́. Ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ọmọ tó sì ti dúró, tó kúrú, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ẹsẹ̀ Abdullāh ọmọ Mas‘ūd tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sàábé fi rẹ́rìn-ín nígbà tí atẹ́gùn ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá wọn lóhùn pé ẹsẹ̀ méjì yẹn máa wúwo ju òkè Uhud lọ lórí òṣùwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ Kùránì jù láàárín wọn ni ọkùnrin náà.

Ìgbà wo ló yẹ kí òbí lọ sí ilé ìwòsàn? Ẹ máa sàmì gíga ọmọ sára ògiri ní ìgbà 2 lọ́dún, kó bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ọmọ tó ti lé ní ọdún 4, tí kò tíì bàlágà, kò bá fi tó sẹ̀ntímítà 4 ga láàárín ọdún kan, ẹ mú un lọ. Bí ọmọbìnrin bá ti pé 13 tí ọmú rẹ̀ kò tíì yọ rárá, tàbí tó pé 15 tí kò rí nǹkan oṣù, ẹ mú un lọ. Bí ọmọkùnrin bá pé 14 tí kò sí àmì ìbàlágà kankan lára rẹ̀, ẹ mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin tí ọmú rẹ̀ yọ kó tó pé ọdún 8, tàbí ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà kó tó pé 9: àwọn yìí máa ń ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ lọ́wọ́lọ́wọ́, inú òbí á máa dùn, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á dúró. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní General Hospital tó wà ní Ajérọ̀mí tàbí ti Àpápá. Bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọmọdé ní LUTH. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ, káàdì àjẹsára rẹ̀ àti gbogbo àmì gíga tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dání. Ẹ sì mú oògùn tí ọmọ ti ń lò lọ, títí kan àgbo àti èyí tí ẹ rà nínú bọ́ọ̀sì, kí ẹ fi han dókítà pẹ̀lú páálí rẹ̀.